Ọkọ̀ Tí Kò Wúkọ́ Lọ́jọ́ Ajé

Kì í ṣe ìwádìí ni Ọ̀fíntótó, ọlọ́pàábìnrin, ń ṣe nígbà tó jókòó sínú ọkọ̀ ilé ìwòsàn náà láago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọkọ̀ náà ló dí ibi tí ọ̀gá rẹ̀ máa ń gbé tirẹ̀ sí nínú ọgbà àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá sì ti ń tẹ fèrè bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ó yí kọ́kọ́rọ́.

Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ń yí, àmọ́ kò jí. Ọ̀fíntótó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì. Ó ka á dé mọ́kànlá kí ọkọ̀ náà tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kó gbọn jìgìjìgì, kó sì wá jí. Ó wà á sún mọ́ ògiri, ó pa á. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ ló rí i pé ìdí rẹ̀ ṣì yọ síta. Ó padà wọlé, ó tún yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ náà sì jí lẹ́ẹ̀kan náà, kò tiẹ̀ jẹ́ kó ka ení.

Ọwọ́ Ọ̀fíntótó dúró lórí kọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ó ti kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ láti ẹnu awakọ̀ ọkọ̀ yìí: "Láàárọ̀ òní ó jí lẹ́ẹ̀kan náà, mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Ó kọ ọ́, kò rò ó. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà ń sọ láti fi tu ara rẹ̀ nínú ló pè é.

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe awakọ̀ náà, torí kò sí aláìsàn tó gbé rí tó ráhùn pé kòtò gbọn òun. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń wa ọkọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n lóru Àìkú mọ́jú Ajé, ẹnì kan já ilẹ̀kùn yàrá kan nínú ilé ìwòsàn, ó sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún lọ. Ẹ̀yìn ìjókòó ọkọ̀ ni wọ́n ti bá aṣọ tí wọ́n fi ń bo ẹ̀rọ náà. Alábòójútó ilé ìwòsàn, tó ń gbé lẹ́yìnkùlé ibẹ̀, búra pé ọkọ̀ náà kò kúrò lójú kan láti ọ̀sán Àìkú títí Jẹ́jẹ́ fi wà á jáde láago mẹ́fà àárọ̀ Ajé láti lọ gbé nọ́ọ̀sì. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì gba Jẹ́jẹ́ ní ogójì ìṣẹ́jú. Kí ni ọlọ́pàá tún ń wá? Ọ̀fíntótó fúnra rẹ̀ ló fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, lójú gbogbo àdúgbò. Lọ́sàn-án òní, láago méjìlá, wọ́n máa gbé e lọ sílé ẹjọ́, ibẹ̀ ló sì máa gbà dé ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Ó pa ọkọ̀ náà. Ó gba àtìmọ́lé lọ, kò tiẹ̀ dá ọ̀gá rẹ̀ tó ń pè é lóhùn.

*

Orí pákó ni Jẹ́jẹ́ jókòó sí, ó ká ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan.

"Bàbá, ẹ tún un sọ fún mi. Báwo ni ọkọ̀ ṣe jí lọ́jọ́ Ajé?"

"Mádáàmù, mo ti sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà."

"Àwọn ọjọ́ yòókù ńkọ́?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Háà! Àwọn ọjọ́ yòókù? Ìyà ni. Bó bá ti sùn mọ́jú, á wúkọ́ títí èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ti tó ọdún kan. Mo sọ fún alábòójútó, mo sọ, mo sọ, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Wọ́n ní ọkọ̀ ò ṣe nǹkan kan, pé ẹsẹ̀ tèmi ló wúwo."

"Ṣé alábòójútó máa ń fi ọkọ̀ náà jáde?"

"Àwọn? Wọn ò jókòó síbẹ̀ rí. Ọkọ̀ tiwọn ni wọ́n ń wà."

"Ogójì ìṣẹ́jú yẹn ńkọ́?"

"Epo ni mo tò fún. Mo ti sọ èyí náà, ẹ sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo pa ọkọ̀ lọ́sàn-án Àìkú, epo dé ìdajì. Láàárọ̀ Ajé, ọwọ́ gééjì ti wọ pupa. Mo ní bóyá ojú mi ni, torí kò sí ohun tí kì í purọ́ nínú ọkọ̀ yẹn."

Ọ̀fíntótó rántí ẹ̀rín náà, ojú sì tì í. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni ọkọ̀ náà ní. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́, èkejì wà lórí ìṣó nínú ọ́fíìsì alábòójútó. Ẹni tó fi alùpùpù gbé Jẹ́jẹ́ wá láti ilé sì ti jẹ́rìí pé aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lòun já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú fáìlì. Òun ló kó o síbẹ̀, tó sì jókòó lé e.

Ó fa fóònù yọ, ó pe bàbá rẹ̀.

*

Mẹkáníìkì ni bàbá Ọ̀fíntótó. Abẹ́ ọkọ̀ ló ti tọ́ ọmọ náà dàgbà, àárín páánù àti epo dúdú ló sì ti kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi dé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

"Ṣé kò sí mẹkáníìkì kankan nínú ọlọ́pàá ni?"

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, kò sí àyè àwàdà. Aago méjìlá ni wọ́n ń gbé e lọ."

Bàbá náà wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣí iwájú ọkọ̀.

"Ṣé bátìrì ni?" Ọ̀fíntótó béèrè.

"O gbọ́ bó ṣe ń yí. Bátìrì tó ti kú kì í yí ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Bátìrì kọ́, sítátà náà kọ́."

"Pílọ́ọ̀gì ńkọ́?"

Bàbá tú ọ̀kan, ó gbé e sójú oòrùn, ó dá a padà. "Ó mọ́. Bó bá jẹ́ òun ni, ọkọ̀ á máa ṣe ségesège lójú pópó náà. Gbọ́ mi dáadáa. Ọkọ̀ ayé àtijọ́, kabúrétọ̀ ló ń fa epo fúnra rẹ̀. Irú èyí kọ́. Pọ́ǹpù ló wà nínú táǹkì lẹ́yìn, òun ló ń fi agbára ti epo wá síwájú, tí nọ́sù ń tu ú sínú ẹ́ńjìnnì. Bí agbára epo ò bá pé, o lè yí kọ́kọ́rọ́ títí ọwọ́ rẹ á fi ṣẹ́."

Ó so gééjì tí wọ́n fi ń wọn agbára epo mọ́ ọ̀pá epo, ó ní kí ọmọ òun ṣáná sí i. Ọwọ́ gééjì fò sókè, ó dúró gbọn-in. Ó ní kó pa á. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ọwọ́ gééjì náà. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Epo ń sá lọ," Ọ̀fíntótó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó ń sá. Níbo ló ń gbà?"

Bàbá fi ẹ̀mú fún rọ́bà tó ń dá epo padà sí táǹkì. Ọwọ́ gééjì kò dáwọ́ sísọ̀ dúró. Ó tú u, ó fún rọ́bà tó ti ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù wá. Ọwọ́ gééjì dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

"Pọ́ǹpù ni. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó yẹ kó máa tì bí ọkọ̀ bá ti kú, kí epo má bàa padà sí táǹkì. Ti èyí kò tì mọ́. Bó bá sùn, gbogbo epo á ti padà lọ. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni wúkọ́ wúkọ́ tí ò ń gbọ́."

"Ó máa gbà tó ìgbà wo kí gbogbo rẹ̀ tó padà?"

"Tú ẹ̀mú, kí o sì wo aago. Sùúrù ni baba ìwà."

Kò sí sùúrù lára Ọ̀fíntótó. Ó fi bàbá rẹ̀ sídìí gééjì, ó sáré sọdá títì.

*

Ilé ìwòsàn náà kò jìnnà. Iwájú rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan wà, tí aránṣọ náà fúnra rẹ̀ ń sùn sí yàrá ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, bí Ọ̀fíntótó ṣe ń mú Jẹ́jẹ́ lọ, obìnrin yìí ń bá oníbàárà kan jà nítorí aṣọ tí kò tíì parí. Ọ̀fíntótó kò bi í léèrè ohunkóhun lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹ̀yin lẹ mú Jẹ́jẹ́," aránṣọ náà sọ, kò gbójú kúrò lára máṣíìnì rẹ̀. "Kí lẹ tún wá mú?"

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, ìyá. Kí ló dé tí aṣọ oníbàárà yẹn ò parí lọ́jọ́ Ajé?"

Obìnrin náà dá máṣíìnì dúró. "Ìyẹn náà ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò tètè jí ni. Ọkọ̀ yẹn ló ń jí mi. Láago mẹ́fà géérégé, á bẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, èèyàn tó kú gan-an á dìde. Mi ò nílò aago. Lọ́jọ́ Ajé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó di aago méje àbọ̀ kí ojú mi tó là."

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan lóru náà?"

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́? Ikọ́ rẹ̀ ló ń jí mi, ìrìn rẹ̀ kì í jí mi."

Ọ̀fíntótó dúpẹ́, ó fẹ́ máa lọ. Aránṣọ náà pè é padà.

"Mádáàmù. Bí ìyá mi ṣe fẹ́ kú, ọkùnrin yẹn ló gbé e lórí ẹ̀yìn rẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn dókítà. Ẹ rántí o."

*

Nígbà tó padà dé, ọwọ́ gééjì ti sùn sórí òdo.

"Ìṣẹ́jú márùndínlógójì," bàbá rẹ̀ sọ.

Ọ̀gá ti jáde wá, ó káwọ́ gbera. Ọ̀fíntótó to ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó yára bí ẹni tí ilẹ̀kùn fẹ́ tì mọ́.

"Ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ wúkọ́ bó bá ti dúró ju ìṣẹ́jú márùndínlógójì lọ. Alábòójútó ní ó ti dúró láti ọ̀sán Àìkú. Síbẹ̀, láago mẹ́fà àárọ̀ Ajé, kò wúkọ́. Awakọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, aránṣọ tó sùn kọjá àkókò jẹ́rìí sí i láìmọ̀. Sà, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á dé ni. Ó ti ju aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ kó tó pa á. Jẹ́jẹ́ ò sì tíì dé géètì nígbà yẹn."

"Bóyá wọ́n ti tún un ṣe lọ́jọ́ Àìkú."

"Kí ló dé tó fi wúkọ́ láàárọ̀ yìí?"

Ọ̀gá ha ẹ̀yìn orí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ bàbá mẹkáníìkì ló sọ̀rọ̀, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé kò dùn mọ́ ọn.

"Ọmọ mi, òótọ́ ni kí n sọ. Ọ̀nà mìíràn wà." Ó jókòó sínú ọkọ̀. "Gééjì wà lórí òdo, àbí? Ẹ wò ó." Ó yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì, kò jẹ́ kó kan sítátà. Nǹkan kan kùn fùùù nínú táǹkì, ó sì dákẹ́. Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ló wá yí i dé òpin. Ọkọ̀ náà jí lẹ́ẹ̀kan náà. "Bí o bá yí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, pọ́ǹpù á ti kó epo wá sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ṣáná sí i, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbọ́."

Ọ̀gá na ìka sókè. "Ẹ ṣeun, bàbá. Ọ̀fíntótó, ọ̀rọ̀ ti tán. Ọdún mẹ́rìnlá lọkùnrin yẹn fi wa ọkọ̀ yìí. Ṣé kò mọ̀ ọ́n ni? Ó fẹ́ kó ẹrù olè jáde kí ẹnikẹ́ni má jí. Aago méjìlá!"

Ọ̀fíntótó wo aago. Ó wo bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ wo ilẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pè é, òótọ́ tí bàbá náà sọ ni yóò sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n mọ́ Jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ gan-an. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n.

"Sà, ẹ fún mi títí di aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

*

Wọ́n dúró títí ọwọ́ gééjì fi tún dé òdo. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù nígbà tí wọ́n mú Jẹ́jẹ́ jáde. Ọ̀fíntótó kò sọ ìdí fún un. Ó kàn ní kó ṣáná sí ọkọ̀.

Jẹ́jẹ́ jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́ dé òpin lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tẹ epo, ó ń tẹ̀ ẹ́ wìrìwìrì bí ẹni tó ń lọ ata. Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ títí òógùn fi bọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀ kí ọkọ̀ tó jí.

Bàbá mẹkáníìkì fọwọ́ méjèèjì di orí mú. "Kabúrétọ̀! Ta ló kọ́ ọ ní ọkọ̀, àbúrò?"

"Ọkọ̀ àtijọ́ ni mo fi kọ́ ọ, bàbá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ti ìgbà yẹn nìyẹn. Títẹ̀ yẹn ò ṣe nǹkan kan fún irú èyí. Ọdún mẹ́rìnlá lo fi ń fìyà jẹ ẹsẹ̀ rẹ lásán."

"Ó lè jẹ́ pé ó ń díbọ́n," ọ̀gá sọ, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò le tó tàárọ̀ mọ́.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà," Ọ̀fíntótó dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká wo ẹlòmíràn."

Ó ní kí wọ́n mú Jẹ́jẹ́ padà sínú. Bàbá rẹ̀ da epo inú ọ̀pá nù kí gééjì lè tètè wálẹ̀, ó tú gééjì, ó sì pa iwájú ọkọ̀ dé. Alábòójútó ilé ìwòsàn wọlé láti géètì lákòókò yẹn gan-an, ó gbé fáìlì sábẹ́ abíyá, aṣọ rẹ̀ mọ́ fínnífínní. Ó wá tẹ̀ lé wọn lọ sílé ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí olùpẹjọ́.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n yanjú ìbéèrè kékeré kan kí a tó lọ. Adájọ́ lè béèrè. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ti wa ọkọ̀ yìí rí?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Èmi? Ọkọ̀ tó ń rùn fún oògùn yẹn? Láti ọdún márùn-ún tí mo ti dé, mi ò jókòó sáàyè awakọ̀ rẹ̀ rí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mo ti kọ ọ́. Ṣé kò ní wàhálà kankan, kí n lè mọ bí a ṣe máa dá a padà fún yín?"

"Ọkọ̀ náà dára. Awakọ̀ ló burú."

Ọ̀fíntótó pa ìwé dé. Ó wo aago, ó sì ṣe bí ẹni tí nǹkan tojú sú. "Sà, ẹ má bínú. Ọkọ̀ tó máa gbé ẹlẹ́wọ̀n lọ ò lè kọjá, ọkọ̀ ilé ìwòsàn yín ló dí i lọ́nà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti jáde. Ẹ bá wa fà á síwájú díẹ̀." Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Ọkùnrin náà wo fáìlì ọwọ́ rẹ̀, ó wo aago, ó gba kọ́kọ́rọ́. Ó ń kánjú, ọkàn rẹ̀ ti wà nílé ẹjọ́. Ó gùn ún, ó ti ilẹ̀kùn.

Bàbá mẹkáníìkì tẹtí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì.

Ọwọ́ rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì, ó dúró, fùùù, ó dá a padà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó sì yí i dé òpin. Ọkọ̀ náà jí lẹ́ẹ̀kan náà, jẹ́jẹ́, bí ọkọ̀ tuntun.

Bàbá mẹkáníìkì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ọwọ́ yẹn mọ̀ ọ́n o!"

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, alábòójútó."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ta ló kọ́ yín?" Ọ̀fíntótó béèrè.

"Kọ́ mi ní kí ni?"

"Ìdajì, ìdajì, ìdajì, kó tó di òpin. Awakọ̀ tó ti ń wà á fún ọdún mẹ́rìnlá ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ò jókòó síbẹ̀ rí, ẹ mọ̀ ọ́n."

"Mo... mẹkáníìkì kan ló fi hàn mí."

"Mẹkáníìkì wo? Ọkọ̀ tí ò ṣe nǹkan kan, kí ni mẹkáníìkì wá wò nínú rẹ̀? Ẹ sọ fún Jẹ́jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wúwo. Ẹ mọ àrùn ọkọ̀, ẹ mọ oògùn rẹ̀, ẹ fi pamọ́ fún un, torí ẹ fẹ́ kí àdúgbò gbà pé ọkọ̀ yẹn kò lè jáde láìwúkọ́. Lóru Àìkú, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ gbé ẹ̀rọ jáde. Ibi tí ẹ gbé e lọ jìnnà, torí epo ìdajì táǹkì ló bá a lọ. Ìgbà tí ẹ fi padà dé, ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ fi máa yí kọ́kọ́rọ́, epo ò tíì sá padà tán. Ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin lẹ bá a jí i."

Alábòójútó wo géètì, ọ̀gá sì rìn lọ dúró síwájú géètì náà. Fáìlì já bọ́ lábẹ́ abíyá rẹ̀, àwọn ìwé rẹ̀ sì tú ká sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ṣà wọ́n, ó sì fi wọ́n sílẹ̀.

"Ilé ìwòsàn tí ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni ẹ̀rọ náà wà," ló sọ. "Kò tíì bàjẹ́."

*

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ti èyí, ọjọ́ mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ fún ẹni tó wà látìmọ́lé. Ọ̀fíntótó kò jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣí ilẹ̀kùn náà. Ẹnu tí ìgbín fi bú òòṣà ló fi ń lọlẹ̀ lọ bá a. Ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Bàbá, èmi ni mo fi yín síbí. Mo kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀, mi ò gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Jẹ́jẹ́ dìde lórí pákó. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ dìde, Mádáàmù. Ẹ̀yin náà lẹ tún padà wá béèrè."

Nínú ọgbà, ọ̀gá ti fọwọ́ sí ìwé pé kí ọkọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, torí àwọn aláìsàn ò ní òmíràn. Bàbá mẹkáníìkì kọ́ Jẹ́jẹ́ ní ìdajì ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì ní kó gbé ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù òun láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun máa pààrọ̀ pọ́ǹpù náà, kó yé wúkọ́.

Jẹ́jẹ́ mi orí. "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kó di Àbámẹ́ta."

"Kí ló dé?"

"Gbogbo àdúgbò ló rí mi nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Lọ́la, mo fẹ́ kó wúkọ́ dáadáa. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé mo ti padà."

Láàárọ̀ Ẹtì, Ọ̀fíntótó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Láago mẹ́fà géérégé, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ láti inú ọgbà ilé ìwòsàn, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, ó ń lọ, kò dúró. Fèrèsé kan ṣí lókè. Òmíràn ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aránṣọ náà jáde wá sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìbora lọ́rùn, ojú rẹ̀ ò tíì là tán, ó sì ń ka á sókè ketekete. Ó ti dé mọ́kànlá nígbà tí ọkọ̀ náà jí.

"Ó ti dé," ló sọ, ó sì wọlé lọ tan máṣíìnì rẹ̀.